Ìdì Keje

Ní ilé ìtẹ̀wé tí Ìyá Aránwèé ti ń jẹun, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri: aránwèé kì í ka ohun tó ń rán. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé o. Ìyá Aránwèé mọ̀wé dáadáa, òun ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò ń gbé nǹkan wá fún kó bá wọn kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rán ìwé tó tún ń kà á, abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́, iṣẹ́ á wọ́ jọ níwájú rẹ̀, ọ̀gá á sì bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ojú aránwèé kì í kọjá nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ewé. Bí nọ́ńbà bá ti tẹ̀lé ara wọn, kí ìtàn inú rẹ̀ máa gba ibi tó bá wù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò dé ilé ìtẹ̀wé rí. Wọn kì í tẹ ìwé ní ewé kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá kan tó fẹ̀ bí aṣọ orí tábìlì ni wọ́n ń tẹ̀ tojú tẹ̀yìn, ojú ewé mẹ́rìndínlógún á sì wà lórí ẹyọ kan. Bí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ pátápátá ni: ojú ewé kìíní á jókòó ti ìkẹrìndínlógún bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà, àwọn mìíràn á sì dorí kodò. Iṣẹ́ aránwèé ni láti ká a lẹ́ẹ̀kan, kó ká a lẹ́ẹ̀kejì, kó ká a lẹ́ẹ̀kẹta, kí oníkálukú padà sáyè rẹ̀. Ohun tó bá kù sí i lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní ìdì. Ìwé kékeré lè ní ìdì mẹ́rin, ìwé ńlá lè ní ogún. Ìyá Aránwèé á to ìdì léra, á fi abẹ́rẹ́ àti òwú tí wọ́n ti fi ìda pa rán wọn pọ̀ lẹ́yìn, á wá tì í sọ́dọ̀ Onígọ́ọ̀mù, obìnrin tó ń lẹ èèpo ìwé, tó tún ń lẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ mọ́ tirẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé náà, Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí gbólóhùn tó fi ń kí ènìyàn nìyẹn. Yíǹkì kò tíì gbẹ, “Má fọwọ́ kàn án!” Yíǹkì ti gbẹ láti ìjẹta, “Má fọwọ́ kàn án!” Ahun gidi ni lórí bébà. Èyí tó bàjẹ́, á kọ rìsíìtì sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé kù, á kó o pamọ́ bí ẹni kó ẹran pamọ́ fún ológbò. Onígọ́ọ̀mù máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá kú, kí wọ́n má fi bébà tuntun kọ ìkéde rẹ̀ o, nítorí ó máa jí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Aránwèé bí. Ó pẹ́ kó tó rí i, nígbà tó sì rí i, ọmọ náà wá ga bí ẹni pé ọmọ mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ ṣe é. Gògòrò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, “Bàbá mi” ló ń pè é, láti ìgbà tó wà lọ́mú títí tó fi di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ yàrá. Bàbá rẹ̀, aránbàtà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní iwájú ilé wọn gan-an, a máa ráhùn pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí ló jẹ gbogbo awọ tó yẹ kí òun fi dolówó. Aránwèé fẹ́ aránbàtà: àwọn aláwàdà àdúgbò ní abẹ́rẹ́ ló pàdé abẹ́rẹ́.

Gíga yẹn náà ló bá a wá iṣẹ́. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó máa bá wọn di ọ̀pá mú, ọ̀pá gígùn aláwọ̀ pupa àti funfun tí wọ́n ń wò láti ọ̀ọ́kán, wọ́n sì rí ẹni tó jọ ọ̀pá. Wọ́n kó wọ inú igbó ńlá kan tí ọ̀nà tuntun máa gbà kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti rìn síwájú díẹ̀ kí Gògòrò tó rántí pé òun gbàgbé ọ̀pá síbi tí wọ́n sùn. “Mò ń bọ̀,” ló wí. Ibẹ̀ kò jìnnà. Àwọn yòókù jókòó dè é, wọ́n pè é, wọ́n padà lọ wò. Ọ̀pá wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n Gògòrò kò sí níbẹ̀.

Olórí ẹ̀ṣọ́ igbó fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún àwọn òbí Gògòrò. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ aránbàtà, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ó ní àwọn ti fi ajá wá a, àwọn ti yìnbọn sókè kó lè gbọ́, àwọn ti tọ odò lọ, àwọn tọ odò bọ̀. Ó ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, òjò sì ti fọ gbogbo ipa ẹsẹ̀ dànù. Kò sọ pé ọmọ náà ti kú. Kò sì sọ pé kò kú. Ó ní àwọn á tún wò yíká bí omi bá fà, ó dìde, ó kí wọn, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Aránwèé, fi dé. Ó ní ẹbí ti jókòó, ó ní ó tó kí wọ́n gba kámú, kí àwọn ènìyàn wá bá wọn dárò, kí wọ́n gbàdúrà fún ẹni tó lọ.

“Ìyàwó wa,” ló wí, “wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ.”

Òwe náà dáa, àgbà ló pa á. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó máa ń pa á, ọmọ tiwọn kì í sábà sọnù. Gbogbo ọmọ ẹ̀gbọ́n àgbà ló wà nílé tí wọ́n ń jẹun.

“Ẹ fi òkú rẹ̀ hàn mí,” ni Ìyá Aránwèé dá a lóhùn. “Ẹ ò rí òkú, ẹ ti ń wá ẹni tó máa sunkún. Ọmọ mi sọnù ni, kò kú. Ẹni tó sọnù, wọ́n máa ń rí i.”

“Ìyàwó wa, a ò bá ọ jà.”

“Ẹ má wulẹ̀ bá mi jà. Ẹ ṣáà má sunkún ọmọ mi lójú mi.”

Ẹ̀gbọ́n àgbà yíjú sí àbúrò rẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀. Aránbàtà kó ìṣó sẹ́nu, ó ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà oníbàtà, kò dá sí i. Inú Ìyá Aránwèé dùn sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ó gbà pé ẹ̀yìn òun ni ọkọ òun wà.

Àsìkò yẹn ni bébà ìwé tuntun kan dé orí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìwé àwọn ọmọdé ni, Tíṣà kan ló kọ ọ́, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé Ìyá Aránwèé lè bí i. Ọ̀gá ti sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé ìdì mẹ́fà ni ìwé náà, kó wọn òwú dè é. Ẹ̀rọ wọn ti dàgbà, lẹ́tà onírin tí wọ́n ń tò kí wọ́n tó tẹ̀wé kò sì pọ̀. Ọ̀gá á to ti ìdì kan, á tẹ̀ ẹ́ tán, á tú u ká kó tó lè to òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé fi ń dé ọ̀dọ̀ aránwèé.

Ó ń ká ìdì kìíní nígbà tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì yọ̀ kúrò lórí nọ́ńbà. Gbólóhùn tó bọ́ sí nìyí: “Wọ́n pè é títí ohùn wọn fi há, ṣùgbọ́n igbó kò dáhùn.” Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, kò rí ọ̀gá. Ó fa àpótí sábẹ́ ara rẹ̀, ó jókòó, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti dé ìdí iṣẹ́ náà. Ó kàwé.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, ọmọ alágbàfọ̀, tó tẹ̀lé ọmọ ewúrẹ́ wọ inú igbó, tí igbó sì pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ìdì kìíní tán síbi tí ilẹ̀ ti ṣú bá a lábẹ́ igi. Ìyá Aránwèé ní láti dúró kí wọ́n tẹ ìdì kejì kó tó mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ bá ọmọ náà láàyè. Ilẹ̀ mọ́ bá a. Ó sáré délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba ìròyìn.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ gbọ́,” ló wí bó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. “Ìrì ló ń mu. Ó fi aṣọ nu ara ewé láàárọ̀, ó wá fún un sẹ́nu.”

“Ta ni?”

“Ọmọ inú ìwé.”

“Hẹn.”

“Gògòrò náà ní aṣọ lọ́rùn. Á ti ronú kàn án.”

“Á ti ronú kàn án,” ni aránbàtà wí, ó sì mú ìṣó mìíràn.

Nínú ìdì kẹta, ọmọ náà rí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé ibi tí omi bá ń lọ ni àwọn ènìyàn máa ń wà. Nínú ìkẹrin, ó gun igi, ó fi ìró so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka kó má baà já bọ́ lójú oorun. Èso kan wà tó fẹ́ jẹ, kò jẹ ẹ́ títí ó fi rí i tí ọ̀bọ jẹ ẹ́ tí ọ̀bọ kò sì kú. Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Aránwèé ń gbé lọ sílé. Bó bá ń dáná, á ní, “Ṣé Gògòrò mọ̀ pé kó máa wo ọ̀bọ?” Bí òjò bá ń rọ̀, á ní, “Kó má sùn sílẹ̀ o. Kó gun igi.” Aránbàtà á ní, “Ọmọ gíga bẹ́ẹ̀, kò ní í pẹ́ kó tó gun igi.” Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Ọkọ ni kì í rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Ìyá Aránwèé fi dá májẹ̀mú kan sínú ara rẹ̀: bí ọmọ inú ìwé bá délé, Gògòrò náà á délé. Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì dé bá ló ń mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ronú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sọnù, ìbáà jẹ́ ẹyẹ orí igi ló bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn. Ó sọ májẹ̀mú náà fún ọkọ rẹ̀. Aránbàtà wò ó títí, ó ní, “Ó dáa.” Ó sọ ọ́ fún Onígọ́ọ̀mù náà, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo ilé ìtẹ̀wé gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdì karùn-ún parí síbi tí ọmọ náà ti yọ̀ ṣubú lórí àpáta, tí orúnkún rẹ̀ wú, tí kò lè dìde mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni Tíṣà wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn pé ìwé òun ti fẹ́ di ìwé.

“Tíṣà, ọmọ mi,” ni Ìyá Aránwèé wí, “ọmọ yìí, ṣé ó máa délé?”

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. “Áà, Ìyá! Ẹ̀yin náà ti ń kà á? Mi ò ní sọ o. Bí mo bá sọ, adùn rẹ̀ ti lọ nìyẹn.”

“Ṣáà sọ fún mi.”

“Ẹ ní sùúrù, Ìyá mi. Ẹ máa rí i.”

Onígọ́ọ̀mù ju búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo, ó di Tíṣà mú lápá, ó fà á jáde bí ẹni pé èèpo ìwé ló fẹ́ fi hàn án. Láti ojú fèrèsé, Ìyá Aránwèé rí àwọn méjèèjì nínú oòrùn. Onígọ́ọ̀mù ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni ń júwe ẹni gíga. Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Aránwèé kò kà á sí, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu Onígọ́ọ̀mù kì í sinmi. Ohun tó kàn yà á lẹ́nu ni pé Tíṣà kò padà wọlé wá dágbére fún òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ sinmi. Ọ̀gá ní nǹkan kan ló bàjẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ìdì kẹfà wá jáde, Ìyá Aránwèé kò dúró kó ká a tán kó tó kà á, ṣe ló ń yí bébà ńlá náà kiri lórí tábìlì, ó ń dorí kodò tẹ̀lé ojú ewé tó dorí kodò. Ọmọ náà ti rí igi kan fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ gun òkè kan. Ó dé orí òkè. “Ó rí èéfín lókèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọ̀gá ti máa ń tẹ “Ó parí” sí, ojú ewé funfun báláú.

“Ọ̀gá, ṣé ibi tó parí sí nìyí?”

Má-fọwọ́-kàn-án wúkọ́. Ó kọjú sí ẹ̀rọ. “Ìdì keje ń bọ̀, Ìyá.”

“Ṣebí ẹ ní mẹ́fà ni.”

“Mo ní ìdì keje ń bọ̀.”

Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe ń fọ́ni lójú. Obìnrin tó ti fi ọdún gbọọrọ ka iye ìdì, tó mọ̀ pé ọ̀gá yìí kì í fi bébà tọrẹ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ dúró rò ó. Ìdì keje ń bọ̀, ọmọ ń bọ̀, ohun tó gbọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó délé, ó gbé tìmùtìmù Gògòrò sínú oòrùn. Ó fọ aṣọ ibùsùn, ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rán ẹnu àpò ṣòkòtò rẹ̀ kan tó ti ń já. Ó ń kọrin lábẹ́ ètè.

Ẹ̀gbọ́n àgbà tún yà wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó rí tìmùtìmù níta, ó dúró.

“Ìyàwó wa, ta ni o ń retí?”

“Ẹ jẹ́ kí ìdì keje dé ná, ẹ̀gbọ́n àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ohun tó bá wù yín.”

Ẹ̀gbọ́n àgbà yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Kí ló ń jẹ́ ìdì keje?”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni aránbàtà wí. Ó sọ ọ́ kíkankíkan tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ìdì keje dé, Ìyá Aránwèé rí i pé Tíṣà wà ní ilé ìtẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ àsìkò ilé ìwé ni. Onígọ́ọ̀mù ti nu ọwọ́, ohun tí kì í ṣe. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé bébà náà wá sórí tábìlì, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe odidi bébà. Ìlàjì ni, ojú ewé mẹ́jọ péré. Yíǹkì rẹ̀ ṣì ń dán.

Ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọ̀bẹ la etí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọmọ náà tẹ̀lé èéfín dé ibi oko kan. Àwọn olóko gbé e lé èjìká. Wọ́n gbé e wọ ìlú, wọ́n gbé e dé òpópónà ilé wọn. Ìyá ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ó ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún pa àtàǹpàkò òsì, léraléra, bó ti máa ń ṣe bó bá ń retí ẹnìkan. Fọ́nrán òwú kan lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀.

Ìyá Aránwèé dúró. Alágbàfọ̀ ni ìyá ọmọ yìí nínú ìdì kìíní. Ọṣẹ ló yẹ kó wà lára rẹ̀, kì í ṣe òwú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún wà lórí ti òsì, ó ń pa á, kò sì mọ̀ rí pé òun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ka ìyókù. Ìyá náà gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀, ó dìde. Ó la apá méjèèjì. “Bàbá mi,” ló wí. “Bàbá mi, ṣé o ti dé?”

Ọmọbìnrin ni ọmọ inú ìwé. Láti ìdì kìíní wá, ọmọbìnrin ni.

Ó gbójú sókè. Tíṣà, Onígọ́ọ̀mù àti ọ̀gá dúró yí tábìlì ká, gbogbo wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn. Ìgbà náà ló wá yé e. Ìwé yìí ti parí tẹ́lẹ̀, orí òkè, níbi èéfín, ló parí sí. Òun ni wọ́n tún un kọ fún. Ọ̀gá tó ń ṣírò bébà bí ẹran inú ọbẹ̀ ló yọ̀ǹda bébà. Ọmọ tí kò ju ọmọ òun lọ ló jókòó tó wá ọ̀rọ̀ tí òun ń pe Gògòrò, tó fi sẹ́nu ìyá inú ìwé. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, wọ́n á ní kó ní sùúrù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ní í wá mọ́ ni wọ́n ń ṣe irú àánú yìí fún. Gbogbo ènìyàn inú yàrá náà ti sunkún Gògòrò tán, òun nìkan ló kù.

Ó dùn ún ju gbogbo òwe ẹ̀gbọ́n àgbà lọ, ó sì dùn ún jù nítorí pé inú rere ni.

“Ó délé,” ló wí.

“Àbí ẹ ò rí i!” ni Onígọ́ọ̀mù ké. “Mo sọ fún yín! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mi ò sọ fún yín?”

“O sọ fún mi. Ọ̀gá, ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó bébà. Tíṣà, ọmọ mi, o ṣeun. Ọwọ́ rẹ dùn.”

Ọ̀gá ń mi orí bí ẹni gba oyè. Ṣùgbọ́n Tíṣà ń wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu tirẹ̀. Ọmọ tó ń kọ ìtàn, ó ṣeé ṣe kó mọ ojú kà. Ó yí tábìlì wá, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí bébà gígé kún.

“Ìyá, mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Mo rò pé… Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. Kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà.”

“Má yọ ọ́.”

“Ìyá—”

“Má yọ ọ́, mo ní. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa kà á. Jẹ́ kí tìrẹ wálé.” Ó fi ọwọ́ tẹ ìlà ìká bébà náà kó dúró dáadáa. “Tèmi ò ní í wálé mọ́.”

Bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tábìlì. Onígọ́ọ̀mù di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, bí ẹni pé Ìyá Aránwèé fẹ́ ṣubú sí kòtò.

“Ọ̀gá, mo fẹ́ lọ sílé.”

“Ẹ máa lọ, Ìyá,” ni Má-fọwọ́-kàn-án wí. “Ẹ máa lọ. Iṣẹ́ ò sá lọ.”

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tó dé iwájú ilé. Ọkọ rẹ̀ wà nínú ìsọ̀, bàtà obìnrin kan wà lórí irin níwájú rẹ̀, ó ń fi òòlù kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó rí i, ó wo ojú oòrùn, nítorí kì í ṣe àsìkò tí aya rẹ̀ máa ń dé nìyẹn.

“Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àgbà,” ló wí. “Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n kó ẹbí wá.”

Aránbàtà gbé òòlù sílẹ̀. “Ṣé wọ́n ti rí i ni?”

“Wọn ò rí i.”

“Ọmọ inú ìwé ńkọ́?”

“Ó délé.”

Ọkọ rẹ̀ gbé bàtà obìnrin náà kúrò lórí irin.

“Gògòrò ti kú, Bàbá ọmọ mi. Ọmọ mi ti kú nínú igbó yẹn. Mo ń wí fún un pé kó gun igi, ó ti kú.”

Aránbàtà kò ní kó má wí bẹ́ẹ̀. Kò ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó kàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ ju bí ìyàwó rẹ̀ ti rí i rí lọ.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Láti ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ igbó ti wá ni mo ti mọ̀.”

“Ẹ mọ̀? Ẹ ò sì sọ? Ẹ̀ ń jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ ìrì, ẹ̀ ń jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ ọ̀bọ!”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ ni mò ń dúró dè.” Ó gbé gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù. “Mi ò lè dá sunkún ọmọ tí àwa méjèèjì jọ bí.”

Ìbínú tó fẹ́ bí kò rí ààyè. Ó wo ọkùnrin náà, ó ro gbogbo ọjọ́ tó ti ń kan bàtà pẹ̀lú ikú ọmọ rẹ̀ nínú, tó ń dá a lóhùn pé “á ti ronú kàn án,” tó ń dá a lóhùn pé “kò ní í pẹ́ kó tó gun igi,” tí kò sí ẹni tó lè bá sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn awọ gígé, ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó jókòó tì í. Ìyá Aránwèé gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀. Aránbàtà ń gbè é. Wọ́n sunkún lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀kùn ìsọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obìnrin tó ni bàtà wá gba bàtà rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí wọn, ó sì rọra padà lẹ́yìn.